Iyọ̀ Wo Ni Ẹ Ń Wí?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe máa ń jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo lè kó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá jọ kí n máa fọwọ́ bà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lé eku méjì, òfo ló ń bá bọ̀. Ẹyọ kan ni mo mú: iyọ̀. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí a bá kó apòògùn, awakùsà, onímọ̀ nípa òkun, oníṣẹ́ iná mànàmáná àti ẹni tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà báńkì jọ sínú yàrá kan, tí a ní kí oníkálukú sọ ohun tí iyọ̀ jẹ́, ìdáhùn wọn kò ní jọra, gbogbo wọn yóò sì jàre.

Àwọn kan máa ń rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò dúró sójú kan, pé ó yẹ kí a wá orúkọ mìíràn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó ń jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ iyọ̀ ṣe kedere, ó ní ìwọ̀n, ó ní òfin. Ojú ààlà ni ewu wà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, tí ẹni tó gbà á kò sì béèrè pé iyọ̀ wo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́místírì, nítorí àwọn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di gbòòrò. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Guillaume-François Rouelle, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1754 pé ohun tí ásíìdì àti béèsì, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, máa ń bí nígbà tí wọ́n bá pàdé ni iyọ̀. Láti ìgbà náà ni iyọ̀ ti di orúkọ ìdílé, tí iyọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀ sì wá di ọmọ kan péré nínú ilé ńlá. Ní 1884, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden, Svante Arrhenius, sọ pé iyọ̀ tó bá yòrò nínú omi máa ń pín sí ẹyọ kéékèèké tí iná mànàmáná wà lára wọn, apá kan pọ́sítíìfù, apá kejì nẹ́gẹ́tíìfù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, máàkì tí wọ́n fún un kò ga. Ní 1903, iṣẹ́ yẹn ló gba Ẹ̀bùn Nobel fún un.

Bí a bá wá fi ojú Rouelle àti Arrhenius wo ayé, iyọ̀ wà níbi gbogbo. Òkúta ẹfun, iyọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ inú àpò, iyọ̀ ni. Ọṣẹ tí a fi ń fọwọ́, iyọ̀ ni: sódíọ̀mù tó so mọ́ ásíìdì inú ọ̀rá. Àwọn tó ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ máa ń da omi iyọ̀ ìdáná sí i kí ọṣẹ lè ya kúrò lára omi, kí ó léfòó. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń lé iyọ̀ jáde. Pọtásíọ̀mù sáyánáìdì, èyí tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òun náà iyọ̀ ni, funfun, híhóró, tó ń yòrò nínú omi wọ̀ọ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí báríọ̀mù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Bí dókítà bá fẹ́ ya àwòrán ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun aláìsàn, ó lè ní kí ó mu omi funfun kan tó ki. Báríọ̀mù súlféètì ló wà nínú rẹ̀. Ìtànṣán X-ray kì í ráyè gba inú báríọ̀mù kọjá, nítorí náà ìfun á hàn ketekete nínú àwòrán. Májèlé ni báríọ̀mù bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ iyọ̀ yìí kì í yòrò nínú omi, ásíìdì inú ikùn kò sì rí i gbé ṣe. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Báríọ̀mù kábọ́néètì ńkọ́? Iyọ̀ ni òun náà. Ó funfun, lẹ́búlẹ́bú ni, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ásíìdì inú ikùn máa ń tú u ká, báríọ̀mù á wọnú ẹ̀jẹ̀, pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, iṣan á rọ, ọkàn á sì máa lù ségesège. Wọ́n ti fi pa eku rí. Ní Brazil lọ́dún 2003, oògùn kan tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó ya àwòrán inú ara jáde fún títà, kábọ́néètì sì wà nínú ohun tó yẹ kó jẹ́ súlféètì nìkan. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó mu ún kú. Àyẹ̀wò lásán ni wọ́n wá ṣe o. Ẹni tó bá ní gbogbo ìyàtọ̀ iyọ̀ sí iyọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ, kó rántí wọn.

Lẹ́nu apòògùn, iyọ̀ tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ni kì í yòrò dáadáa fúnra rẹ̀, tàbí tí kì í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n á so ó mọ́ ásíìdì tàbí béèsì kan kí ara lè gbà á, kí ó sì lè pẹ́ lórí àtẹ. Ohun tí wọ́n so pọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní iyọ̀ oògùn náà. Ẹ wo ara páálí diclofenac: ọ̀kan á ní sodium lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, òmíràn á ní potassium. Oògùn kan náà ni, iyọ̀ méjì. Èyí tó ní potassium máa ń tètè wọ ara ju ìkejì lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ìrora òjijì.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni nọ́ńbà. Ẹ mú hóró chloroquine phosphate tí wọ́n kọ 250 mg (mílígíráàmù) sí lára. Oògùn tó wà nínú rẹ̀ gan-an jẹ́ 150 mg, ìyókù ni ìwọ̀n ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ mú hóró chloroquine sulphate tó jẹ́ 200 mg, 150 mg kan náà lẹ máa bá nínú rẹ̀. Bí ìwé kan bá wá sọ pé kí àgbàlagbà kan lo 600 mg, tí kò sì sọ bóyá ti oògùn gan-an ni tàbí ti iyọ̀ rẹ̀, wàhálà dé. 600 mg oògùn gan-an jẹ́ hóró phosphate mẹ́rin. 600 mg iyọ̀ náà kò tó hóró méjì àtààbọ̀. Ẹni tó gbé ti àkọ́kọ́ fún ẹni tó nílò ìkejì ti ṣe àṣejù, chloroquine sì jẹ́ oògùn tí àṣejù rẹ̀ máa ń kọlu ọkàn, pàápàá lára ọmọdé. Ẹni tó ṣe òdì kejì ti fi àìsàn sílẹ̀ láìwò. Gbogbo rẹ̀ wá látinú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹnìkan kò kọ sẹ́yìn nọ́ńbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín, ẹ máa béèrè. Kò sí ọ̀gá tí ìbéèrè yẹn yẹ kó bí nínú.

Ní ilé ìwòsàn kan náà, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní giráàmù 9 iyọ̀ ìdáná nínú lítà kan. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ tàbí kéré jù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á gbẹ tàbí kó wú. Àpò lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí onígbáméjì ń ṣe, iyọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2002, sódíọ̀mù kiloráìdì, ìyẹn iyọ̀ ìdáná, jẹ́ giráàmù 2.6, pọtásíọ̀mù kiloráìdì 1.5, sódíọ̀mù sítíréètì 2.9, pẹ̀lú glúkóòsì 13.5, nínú lítà omi kan. Glúkóòsì ló ń mú sódíọ̀mù wọlé láti inú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ Epsom, màgnẹ́síọ̀mù súlféètì, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nínú omi ìlú Epsom ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wẹ̀, tí wọ́n sì ń fi yàgbẹ́. Lónìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dènà gìrì tó ń mú aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002, tí ó ju 10,000 obìnrin lọ láti orílẹ̀-èdè 33 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà dín gìrì yẹn kù ju ìdajì lọ. Inú mi máa ń dùn sí iyọ̀ yìí gan-an ni.

Àwọn aṣòfin náà ní iyọ̀ tiwọn. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù 1169 ti ọdún 2011 sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà lára páálí oúnjẹ. Nínú rẹ̀, iyọ̀ ni gbogbo sódíọ̀mù inú oúnjẹ náà ní ìlọ́po 2.5. Ẹ fọkàn sí i dáadáa: gbogbo sódíọ̀mù. Bí èyí tó wà nínú búrẹ́dì bá wá látinú ohun tó ń mú un wú, tí kò sì sí ẹyọ hóró iyọ̀ ìdáná kan níbẹ̀, òfin á ṣì pè é ní iyọ̀. Ẹni tó bá ń fi ojú kẹ́místírì wò ó á ní irọ́ ni. Ojú ìlera ni òfin náà fi wò ó, ojú tó sì yẹ nìyẹn, nítorí sódíọ̀mù ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn, níbi yòówù kó ti wá. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Sódíọ̀mù ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ní mílígíráàmù. Oúnjẹ kan náà, páálí kan lè sọ pé iyọ̀ giráàmù 1, kí èkejì sọ pé sódíọ̀mù 400 mg. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó giráàmù 5, èyí tí sódíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó giráàmù 2. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó rí sódíọ̀mù giráàmù 2 lára páálí, tó wá ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ṣì ní mẹ́ta nílẹ̀, kò ní kankan nílẹ̀ mọ́.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń pò pọtásíọ̀mù kiloráìdì mọ́ iyọ̀ ìdáná. Ìwádìí ńlá kan ní China, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, lo àpòpọ̀ tó jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sódíọ̀mù kiloráìdì àti ìdá 25 pọtásíọ̀mù kiloráìdì, ní abúlé 600, láàárín nǹkan bí 21,000 ènìyàn tí wọ́n ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ti dàgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Iyọ̀ tó gbé ẹnìkan dìde yìí náà lè pa ẹlòmíràn: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa kì í lè tu pọtásíọ̀mù dànù, ó sì lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ọ̀rọ̀ ara. Fún onímọ̀ nípa òkun, iyọ̀ inú omi túmọ̀ sí àpapọ̀ gbogbo ohun tó ti yòrò sínú rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bí giráàmù 35 nínú kílógíráàmù omi òkun kan. Wọn kì í fi ahọ́n tọ́ ọ wò, wọn kì í sì í gbẹ ẹ́ lórí iná. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi náà kọjá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fún onímọ̀ nípa ilẹ̀ oko, iyọ̀ ni ọ̀tá tí omi ìbomirin máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá fà á gbẹ. Bí sódíọ̀mù bá gba ilẹ̀ kan tán, ilẹ̀ á le gbagidi, omi kò ní ráyè wọlé. Kálísíọ̀mù súlféètì ni wọ́n sì máa ń fọ́n sí i, kí kálísíọ̀mù lè gba ipò sódíọ̀mù, kí omi sì ṣàn án lọ. Kálísíọ̀mù súlféètì náà, iyọ̀ ni. Bí a bá sọ fún àgbẹ̀ tí iyọ̀ ti ba oko rẹ̀ jẹ́ pé kó lọ da iyọ̀ sí i, tí a kò sọ èyí tí à ń wí, á rò pé à ń ṣépè fún òun.

Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ń fi iyọ̀ mọ ọ̀nà. Nínú ìjìnlẹ̀ ilẹ̀, bí àpáta bá tẹ iyọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, iyọ̀ máa ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, á máa gún òkè bọ̀ nítorí pé ó fúyẹ́ ju àpáta tó wà lórí rẹ̀, á sì di òkè ńlá lábẹ́ ilẹ̀. Epo kò lè gba inú iyọ̀ kọjá, nítorí náà á kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kànga Spindletop sí ní Texas, tí epo fi tú jáde lọ sókè ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1901. Nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú irú iyọ̀ yìí, ní Texas àti Louisiana, ni Amẹ́ríkà ń kó epo pàjáwìrì rẹ̀ pamọ́ sí. Ní New Mexico, láti 1999, inú ìpele iyọ̀ tó jìn tó nǹkan bí mítà 650 ni wọ́n ń sin pàǹtí tó ní ìtànṣán olóró sí, nítorí iyọ̀ náà á máa sún mọ́ ọn títí á fi gbá a mọ́ra pátápátá.

Oníṣẹ́ iná mànàmáná tó bá sọ pé iyọ̀, ọ̀tọ̀ tún ni tirẹ̀. Lẹ́bàá Seville ní Spain, ilé-iṣẹ́ iná Gemasolar, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ dígí darí ìtànṣán oòrùn sórí ilé gogoro kan. Ibẹ̀ ni iyọ̀ yíyọ́ ti ń gba ooru, tí á fi gbóná láti nǹkan bí digirì Celsius 290 dé 565. Wọ́n á dà á sínú àgbá ńlá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fi ooru rẹ̀ mú omi hó, omi híhó á yí ẹ̀rọ, iná á sì máa tàn fún wákàtí 15 láìsí oòrùn. Sódíọ̀mù nítíréètì ìdá 60 àti pọtásíọ̀mù nítíréètì ìdá 40 ni iyọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá gbọ́ iyọ̀ tó lọ kó iyọ̀ ìdáná kún àgbá náà, kò ní yọ́: digirì 801 ni tirẹ̀ tó ń yọ́. Ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, láti 1965 dé 1969, wọ́n lo iyọ̀ yíyọ́ mìíràn, fúlóráìdì, tí wọ́n yòrò uréníọ̀mù sínú rẹ̀, tí iyọ̀ fúnra rẹ̀ fi di ohun ìdáná fún ẹ̀rọ agbára núkílíà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà dé jù ni inú kọ̀ǹpútà, nítorí iyọ̀ ibẹ̀ kò ní ara, nọ́ńbà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín rèé. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ páásíwọọ̀dù yín sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó máa ń gbé e gba inú ìṣirò kan tí à ń pè ní hash, ohun tó bá sì jáde ló ń pa mọ́. Ìṣirò yìí dà bí ẹyin tó fọ́: kò sí ẹni tó lè kó o jọ padà. Ṣùgbọ́n páásíwọọ̀dù kan náà á máa mú èsì kan náà jáde nígbà gbogbo. Olè tó bá ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti lò á ṣe ìṣirò wọn lẹ́ẹ̀kan, á wá fi wé ti gbogbo ènìyàn inú ìwé tó jí. Gbogbo ẹni tó lo ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n kó wọn pọ̀ nìyẹn.

Robert Morris àti Ken Thompson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories, ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe sí i nínú ìwé kan tó jáde ní 1979. Kí kọ̀ǹpútà tó ṣe ìṣirò páásíwọọ̀dù, á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kan tó ṣèèṣì mú kún un. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n pè ní iyọ̀. Bít 12 ni tiwọn, bít kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 tàbí 1, èyí tó jẹ́ kí páásíwọọ̀dù kan lè ní ojú 4,096. Ẹni méjì tó lo ọ̀rọ̀ kan náà kò ní ní èsì kan náà mọ́, olè náà á sì ní láti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe fún iyọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2012, hash páásíwọọ̀dù tó tó mílíọ̀nù 6.5 láti LinkedIn, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́, bọ́ síta, kò sì sí iyọ̀ kankan nínú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn.

Ohun méjì ni mo máa ń rí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yìí ń ṣì mú. Wọ́n ń rò pé àṣírí ni iyọ̀. Kì í ṣe àṣírí. Ẹ̀gbẹ́ hash gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, olè tó jí ìwé náà á rí i, iṣẹ́ rẹ̀ á sì pọ̀ síbẹ̀. Èyí tó jẹ́ àṣírí, tí wọ́n ń fi pamọ́ síbòmíràn kúrò lọ́dọ̀ àkójọ náà, ata ni wọ́n ń pè é, ó sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èkejì ló burú jù: wọ́n á mú iyọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á fi sí ti gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì tó lo ọ̀rọ̀ kan náà á tún padà ní èsì kan náà, tí olè á sì tún ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ni kó sì mú un láìròtẹ́lẹ̀. Bcrypt, irú ìṣirò hash kan fún páásíwọọ̀dù tí wọ́n gbé jáde ní 1999, ń lo bít 128 fún un, ó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ kò ní láti dá a ṣe. Ẹ lo irú rẹ̀; ẹ má ṣe jókòó máa hun tiyín látìbẹ̀rẹ̀.